Ìbọn Ṣakabùlà Tuntun: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ìpalẹ̀mọ́ àti Fífọ̀ Rẹ̀

Àwọn ìbéèrè yìí ni àwọn ọdẹ ọ̀dọ́ máa ń bi wá ní Ìbàdàn, láti ìhà Àkànrán títí dé Mọ́níyà, pàápàá bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun náà kì í yé fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. A kó gbogbo rẹ̀ jọ síbí kí á lè sinmi àtúnsọ. Ẹni tó bá ń wá bí a ṣe ń rọ ìbọn tàbí bí a ṣe ń po ẹ̀tù kò ní rí i níbí, kó má sì wulẹ̀ béèrè.

Ìbọn wo gan-an là ń sọ?

Ìbọn tí a ń ki ẹ̀tù àti ọta rẹ̀ gba ẹnu ni. Ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ wa ń gbé, inú ọ̀pá rẹ̀ ń dán ni, kò ní ìlà. Èyí tí wọ́n ń tà l'Amẹ́ríkà sábà máa ń ní ìlà tó lọ́ yípo nínú ọ̀pá rẹ̀. Ìlà yẹn ló ń mú kí ọta máa pòòyì bó ṣe ń lọ, tí kò fi ní yà kúrò lójú ọ̀nà.

Ọ̀nà méjì ni iná ń gbà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀tù. Ti àkọ́kọ́ ni òkúta tó ń ṣá irin kí iná lè ta. Èkejì ni káàpù, ìyẹn ohun bíńtín bíi fìlà tó ń ta iná bí a bá gbá a, tí òòlù ìbọn ń gbá lórí nípù, ìyẹn irin kékeré oníhò tí káàpù ń jókòó lé. Ìtọ́jú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Níbi tí wọ́n bá ti yàtọ̀, a ó sọ ọ́.

Ṣé mo nílò ìwé àṣẹ fún ṣakabùlà lásán?

Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn kan máa ń sọ pé ṣakabùlà kì í ṣe ìbọn lójú òfin, pé nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé ni. Irọ́ gbuu ni. Òfin ìbọn Nàìjíríà, Firearms Act, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959, ya ìpín kan sọ́tọ̀ fún ìbọn tí a ń ki gba ẹnu láàárín àwọn ohun ìjà tó kà sílẹ̀, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní in lọ́wọ́ láìgbàṣẹ. Ẹni tó ń rọ ìbọn láìgbàṣẹ náà ń rú òfin yìí kan náà.

Olú iṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà ní Ẹléyẹlé. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti béèrè bí ẹ ó ṣe gbàwé, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ rí olórí ọdẹ àdúgbò yín kí ẹ tó lọ. Bí ìwé bá ti jáde, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ máa mú un dání nígbàkígbà tí ìbọn bá jáde nílé.

Tuntun ni ìbọn mi. Kí ló dé tí mo tún fi gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́?

Nítorí ẹni tó ṣe é kò mọ ìgbà tí wọn yóò rà á. Ilé-iṣẹ́ máa ń fi gíríìsì tàbí òróró tó ki kùn ún nínú lóde, kó má bàa dípẹtà nínú páálí. Ní ti èyí tó wá láti ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ, èérún irin tí fáìlì gé ló máa ń wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú eruku èédú, nígbà mìíràn iyanrìn.

Gíríìsì yẹn ló ń fa ẹjọ́ tí à ń gbọ́ jù: “Mo ra ìbọn tuntun, káàpù ń dún, ìbọn kò yìn.” Òróró ti ṣàn lọ sí ìdí ọ̀pá, ó ti dí ihò tí iná ń gbà wọlé, tàbí kó ti rin ẹ̀tù gbindin. Wọ́n á wá ní ẹnìkan ló dè é. Kò sẹ́ni tó dè é.

Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó fọwọ́ kan ẹ̀tù rárá?

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ẹ má gba ẹni tó tà á fún yín gbọ́, ẹ má sì gba àwa náà gbọ́. Ẹ ti igi ìkìbọn bọ inú ọ̀pá títí yóò fi dúró, ẹ fi ìka mú ojú ibi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba, ẹ yọ ọ́, kí ẹ wá fi wọn ara ọ̀pá lóde. Bí orí igi náà kò bá dé ibi ihò ìtanná, nǹkan wà nínú ìbọn yẹn. Bó bá dé ibẹ̀, ẹ tún jù ú sínú rẹ̀ díẹ̀ kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Irin tó kan irin á dún “kó”, ohùn rẹ̀ á mọ́. Bó bá dún “bù”, ìdọ̀tí tàbí ẹ̀tù ló ń bẹ níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ti mọ̀ pé inú rẹ̀ ṣófo, ẹ fi ọ̀bẹ fín ìlà kékeré sára igi ìkìbọn níbi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Láti ọjọ́ náà lọ, ìlà yẹn ni ẹ ó máa bi léèrè, kì í ṣe ẹnu èèyàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ara ọ̀pá. Èyí tí wọ́n fi páìpù omi ṣe sábà máa ń ní ojú ìjó tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ìyẹn ibi tí wọ́n ti jó irin rẹ̀ pọ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọn kò ṣe páìpù omi nítorí agbára ẹ̀tù. Ojú ìjó yẹn ló máa ń là, ọwọ́ tó di ọ̀pá mú ló sì máa ń bá a lọ. Ìmọ̀ràn wa lórí èyí kò ní àbùlà: ẹ má yìn ín, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ dá a padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pá tó wú níbì kan, èyí tó sán, àti èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jó irin lé.

Òòlù ló kù. Ẹ fà á dé àárín, níbi tó ti máa ń há, kí ẹ wá fi ìka fa ohun ìyìn rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ já bọ́.

Irinṣẹ́ wo ni mo nílò?

Kò pọ̀. Igi ìkìbọn tó gùn ju ọ̀pá lọ tí a lè de àkísà mọ́ lórí, búrọ́ọ̀ṣì onídẹ tó bá ẹnu ìbọn mu, wáyà tín-ín-rín fún ihò ìtanná, sípánà nípù, korobá, ọṣẹ, òróró ẹ̀rọ. Ẹ lè rí èyí tó pọ̀ nínú wọn lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ ní Ògùnpa. Búrọ́ọ̀ṣì onírin líle, ẹ má rà á. Ó ń họ inú ọ̀pá.

Àkísà ló ń da àwọn èèyàn láàmú. Òwú ni kó jẹ́. Ẹ bẹ télọ̀ àdúgbò kó máa kó àjákù ańkárá sílẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ dán an wò kí ẹ tó lò ó: ẹ fi ìṣáná ran etí rẹ̀. Òwú á jó di eérú. Aṣọ olọ́ràá á yọ́, á kóra jọ di kókó dúdú líle, ẹ kò sì fẹ́ kí irú rẹ̀ yọ́ mọ́ inú ọ̀pá tó ṣì gbóná. Ilé ìdáná ni kí ẹ ti ṣe ìdánwò yìí o, kì í ṣe nídìí ẹ̀tù.

Báwo ni mo ṣe máa fọ ìbọn tuntun fún ìgbà àkọ́kọ́?

Ẹ tú nípù kúrò. Bí ọ̀pá bá ṣe é yọ kúrò lára igi rẹ̀, ẹ yọ ọ́. Ẹ fi sípírítì rin àkísà, ẹ tì í dé ìdí, ẹ fà á jáde, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ tún tì í. Àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ á gbé gíríìsì jáde. Ẹ máa bá a lọ títí àkísà yóò fi máa jáde bó ṣe wọlé. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó fi omi ọlọ́ṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ ó ṣan án, ẹ ó nù ún gbẹ, ẹ ó sì fi òróró díẹ̀ pa á bí kì í bá ṣe ọjọ́ yẹn ni ẹ fẹ́ lò ó.

Nípù fúnra rẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú sípírítì, ẹ fi wáyà gba inú rẹ̀, kí ẹ gbé e sókè lójú ọ̀sán. Ẹ gbọ́dọ̀ rí ìmọ́lẹ̀ gba ojú ihò rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ fi gíríìsì bíńtín sí ẹsẹ̀ rẹ̀, kó má bàa há mọ́ ibẹ̀ títí ayé.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ yìn ín, ẹ fi àkísà gbígbẹ nu òróró inú rẹ̀ kúrò. Bó bá jẹ́ oníkáàpù, kí ẹ tó ki ohunkóhun sí i, ẹ lọ síta gbangba, ẹ kọ ẹnu ìbọn sí ewé gbígbẹ nílẹ̀, kí ẹ yin káàpù kan tàbí méjì lásán. Bí ewé bá mì, ọ̀nà ti là. Bí kò bá mì, ihò ṣì dí, ẹ padà sídìí fífọ̀.

Kí ló dé tí ẹ̀tù fi ń jẹ irin tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀tù dúdú kì í jó tán. Ju ìdajì ìwúwo rẹ̀ lọ ló ń di èéfín àti ìdọ̀tí líle. Ìyókù ló ń di afẹ́fẹ́ tó ń ti ọta jáde. Iyọ̀ pọtásíọ̀mù oríṣiríṣi ló wà nínú ìdọ̀tí yẹn, wọ́n sì máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Irin, iyọ̀, omi: ìpẹtà dé nìyẹn. Ní Ìbàdàn lóṣù kẹfà, ìbọn tí ẹ yìn nírọ̀lẹ́ lè ti pọ́n nínú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Iyọ̀ kì í yọ́ nínú òróró. Omi ló ń yọ́ ọ. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo ìdáhùn wa dá lé. Omi ló ń fọ ẹ̀tù kúrò, òróró kàn ń ṣọ́ irin ni. Ẹni tó bá da òróró lé ìdọ̀tí lórí ti bá ìpẹtà ṣe òrùlé kó lè jẹun ní ìrọ̀rùn.

Ìdọ̀tí yìí kan náà ló ń mú kí ọta ṣòro í tì wọlé lẹ́yìn tí ẹ bá ti yin ìbọn bí ìgbà mélòó kan. Ní ogun Kírìjì (1877 sí 1893), ìbọn tí a ń ki gba ẹnu ló pọ̀ lọ́wọ́ ọmọ ogun Ìbàdàn, nígbà tí Èkìtìparapọ̀ ti ń rí ìbọn tí a ń ki láti ìdí gbà láti Èkó. Ẹ wo ẹni tó ń fi igi jìjàkadì pẹ̀lú ẹnu ìbọn tirẹ̀ nígbà tí ti ọ̀tá ti tún ṣe tán.

Báwo ni fífọ̀ lẹ́yìn tí a bá yìn ín ṣe ń lọ?

Ọjọ́ kan náà ni, kì í ṣe ọ̀la. Ẹ fi igi ìkìbọn wọ̀n ọ́n pé ó ṣófo, ẹ kó ẹ̀tù àti káàpù lọ sí yàrá mìíràn, kí ẹ sì lé ẹni tó ń mu sìgá kúrò nítòsí.

Ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú korobá, ẹ da ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ sí i díẹ̀. Ọṣẹ dúdú náà dára, ó ń gé ìdọ̀tí gan-an, bí ẹ bá ti lè ṣan án dáadáa nígbẹ̀yìn. Ẹ tú nípù, ẹ gbé ìdí ọ̀pá sínú omi náà. Ẹ de àkísà mọ́ igi ìkìbọn kó fún, kí ẹ máa fà á sókè sódò. Bí ẹ bá ti ń fà á sókè, ọ̀pá á máa fa omi mu gba ihò nípù. Bí ẹ bá tì í, omi dúdú kirikiri á tú padà sínú korobá, òórùn ẹyin tó bàjẹ́ á sì gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Imí ọjọ́ inú ẹ̀tù ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Ẹ fara dà á, àmì pé omi ń ṣiṣẹ́ ni.

Ẹ da omi yẹn nù, ẹ bu òmíràn, títí yóò fi mọ́. Omi lásán ló kàn, láìsí ọṣẹ. Ẹ dorí ẹnu ìbọn kodò kó ro, lẹ́yìn náà àkísà gbígbẹ lórí àkísà gbígbẹ. Ẹ máa fi èyí tó bá jáde kan ẹ̀yìn ọwọ́ yín: bó bá ṣì tutù, ó kù. Ìgbà tó bá gbẹ tán ni àkísà olóróró ń wọlé. Ẹ nu òòlù, ẹ nu abẹ́ òòlù, níbi tí èéfín káàpù máa ń fara pamọ́ sí. Olókùúta ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ nu àwo kékeré tí ẹ̀tù ìtanná ń wà àti ojú irin tí òkúta ń ṣá, kí ojú irin yẹn sì gbẹ láìní òróró ní ọjọ́ tó bá fẹ́ lò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iná kò ní ta.

Bí ọ̀pá bá ti kan mọ́ igi pátápátá, ẹ fi igi ìtayín dí ihò ìtanná, ẹ da omi gba ẹnu, ẹ fi àtàńpàkò dé e, ẹ mì í, ẹ dà á nù. Ẹ fi aṣọ wé igi rẹ̀ kí omi má bàa wọ àárín igi àti irin.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ ti àkísà funfun kan bọ̀ ọ́. Bó bá jáde pẹ̀lú àwọ̀ osùn, iyọ̀ ṣẹ́kù níbẹ̀. Ẹ tún un fọ̀.

Omi híhó ni tàbí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ da ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Omi híhó ni àwọn àgbà ọdẹ fẹ́, nítorí ó ń mú irin gbóná, irin gbígbóná sì ń gbẹ fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n irin tí omi híhó gbẹ lára rẹ̀ máa ń yọ ìpẹtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó nawọ́ mú agolo òróró. Iyọ̀ ẹ̀tù kò sì nílò omi híhó kó tó yọ́.

Lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni àwa ń lò. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ní omi híhó ni òun fẹ́, kó má bá bàbá jiyàn: kó to àkísà àti òróró sọ́wọ́ ọ̀tún kó tó bẹ̀rẹ̀, kó sì fi aṣọ di ọ̀pá mú.

Ṣé kẹrosíìnì tàbí bẹntiróòlù kò tó?

Kò tó. Gíríìsì ni wọ́n ń yọ, wọn kì í yọ iyọ̀. Bẹntiróòlù tún léwu sí i: ooru rẹ̀ ń fẹ́ kálẹ̀ lọ bá iná níbikíbi tó bá wà, inú ilé tí ẹ̀tù wà kọ́ ló yẹ kí ẹ ti ṣí i.

Òróró wo ló dára jù? Àdí ńkọ́? Epo pupa? Òrí?

Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ. Kò wọ́n, ó ṣàn dáadáa, ó sì tó. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi pa á, kó má ro.

Epo pupa, rárá. Ekíkan wà nínú rẹ̀ tó ń bá irin jà, ó ń dì, ó sì ń pe èèrà wá sílé. Àdí sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá dé, á dì sínú ihò ìtanná. Ẹ́ńjìnì ọ́ìlì tí wọ́n tú jáde lára mọ́tò, ẹ fi í sílẹ̀ fún mẹkáníìkì. Ìdọ̀tí àti ekíkan inú rẹ̀ ju òróró lọ.

Òrí ní ibi tó dára sí, ìyẹn ara àkísà tí àwọn oníbọn onílà fi ń wé ọta. Ó ń mú kí ìdọ̀tí ẹ̀tù rọ̀, kó ṣe é nù. Òróró ẹ̀rọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀: bí òun àti ìdọ̀tí ẹ̀tù bá pàdé nínú iná, ọ̀dà líle ni wọ́n máa ń dì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń nu òróró ìtọ́jú kúrò pátápátá kí á tó ki ìbọn.

Níbo ni kí n gbé e sí nígbà òjò?

Níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Kì í ṣe inú ọ̀rá, kì í ṣe inú àpò awọ, kì í sì ṣe kó fara ti ògiri amọ̀, nítorí gbogbo wọn ló ń pa omi mọ́. Ẹ dorí ẹnu ìbọn kodò lórí pákó kékeré, kí òróró má bàa ṣàn lọ dí nípù. Láti ìgbà tí òjò bá ti gbilẹ̀ títí dé oṣù kẹwàá, ẹ máa ti àkísà bọ̀ ọ́ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, igi ni kí ẹ ṣọ́. Ó máa ń sún kì, skrúù á máa tú. Òrí díẹ̀ lára igi tó.

Ìgbà òjò tàbí ìgbà ọyẹ́, kò gbọ́dọ̀ sí nǹkan nínú rẹ̀ bó bá wà nílé, kó wà ní títì, kí ẹ̀tù wà níbòmíràn tó jìnnà sí ààrò, kí ọmọdé má sì mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà.

Ẹ̀tù lásán la yìn níbi ìsìnkú ọdẹ, kò sí ọta. Ṣé mo ṣì gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́?

Ẹ̀tù ló ń dọ̀tí, ọta kọ́. Ibi òkú ọdẹ gan-an ni ìbọn ti ń bàjẹ́ jù. Wọ́n á yìn ín léraléra, ìrèmọ̀jé ń lọ, ẹmu ń lọ, ilẹ̀ á ṣú, ìbọn á sùn sẹ́yìn ilẹ̀kùn tòun ti ìdọ̀tí inú rẹ̀ títí wọn yóò fi jẹ ẹran tán. Bí kò bá sí àyè láti fọ̀ ọ́ bó ṣe yẹ, ẹ wọ̀n ọ́n pé ó ṣófo, ẹ da omi gbà á bí ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ nù ún, ẹ fi òróró sí i, kí ẹ wá fọ̀ ọ́ dáadáa bí ẹ bá délé.

Ẹ má sì fi ẹ̀tù kún ẹ̀tù nítorí kí tiyín lè dún ju ti ará Ọ̀jẹ́ lọ. Ìbọn tó bá là níbi òkú lè sọ òkú kan di méjì.

Bàbá mi ní kí n ta ẹ̀jẹ̀ àti epo sí ìbọn tuntun fún Ògún. Ṣé kò ní bà á jẹ́?

Bó bá wọ inú ọ̀pá, á bà á jẹ́. Iyọ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀, a sì ti sọ ti epo. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má bọ Ògún. Ẹ gbé ìbọn kalẹ̀ níwájú ojúbọ, kó ṣófo, kí ẹ̀jẹ̀ sì kán sórí irin Ògún. Bí bàbá bá ta kú pé ó gbọ́dọ̀ kan ìbọn, kí wọ́n fi kan ìdí igi rẹ̀, kó jìnnà sí ẹnu àti ihò ìtanná. Bí ètò bá parí, ẹ fi àkísà tútù nù ún, lẹ́yìn náà èyí tó gbẹ, lẹ́yìn náà òróró.

Ẹ bá bàbá sọ ọ́ ní yàrá kí ọjọ́ tó pé. Ẹ má sọ ọ́ lójú agbo.

Amẹ́ríkà ni mo wà, ìbọn onílà ni mo rà. Kí ló yàtọ̀?

Èyí tó pọ̀ nínú àwọn ti òde òní ní ìdérí tó ṣe é tú ní ìdí ọ̀pá. Ẹ tú u nígbàkígbà tí ẹ bá ń fọ ìbọn, kí omi àti àkísà lè gba inú ọ̀pá kọjá láti ìdí dé ẹnu. Bí ẹ bá ń dá a padà, ẹ fi gíríìsì tí wọ́n ṣe fún un sí ojú ìdè rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á há. Ìdérí ìbọn àtijọ́ kì í ṣe ohun tí à ń tú nílé; ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Àwọn ohun tí wọ́n ń tà dípò ẹ̀tù dúdú kò jọra. Pyrodex ń fi iyọ̀ mìíràn sílẹ̀ tó burú ju ti ẹ̀tù dúdú lọ, ẹ má fi oorun kan sí i láàárín. Triple Seven kò ní imí ọjọ́, omi lásán ń fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n òun náà kò fẹ́ kí ẹ fi òun sílẹ̀.

Ẹ̀tù aláìléèéfín, irú èyí tó ń wà nínú ọta ìbọn ìgbàlódé, kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìbọn yìí láé, àfi bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é bá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní kedere pé ó lè gbà á. Agbára rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ti ẹ̀tù dúdú. Ọ̀pá á fọ́ lójú yín. Ẹ má sì ronú àtigbé ìbọn náà wálé nínú àpótí láìgbàṣẹ. Ìbọn mìíràn ni kọ́sítọ́ọ̀mù á fi pàdé yín.

Káàpù dún, ìbọn kò yìn. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ dúró bí ẹ ṣe wà. Ẹnu ìbọn kó ṣì kọ ibi tó kọ, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú kan gbáko, nítorí iná lè máa rìn díẹ̀díẹ̀ lọ bá ẹ̀tù. Ẹ má yẹjú wo ẹnu ìbọn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá bá yín wò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi káàpù mìíràn sí i, kí ẹ tún un yìn. Bó bá tún kọ̀, ẹ tún dúró, ẹ yọ káàpù kúrò, ẹ fi wáyà gba nípù, kí ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá kọ̀ pátápátá, ìdáhùn tó kàn ni tiyín.

Ẹ̀tù àti ọta há sínú rẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń jáde?

Ẹ kọ́kọ́ pa ẹ̀tù náà. Pẹ̀lú ẹnu ìbọn tó kọ ibi tí kò sí èèyàn, ẹ da omi sínú rẹ̀ gba ẹnu àti gba ihò ìtanná, kó rin gbindin, kí ẹ fi í sílẹ̀ kó wọ̀ ọ́ lára. Irinṣẹ́ kan wà tó ní ojú skrúù lórí, tí a ń dè mọ́ igi ìkìbọn. Òun ló ń wọ inú ọta òjé, tí a fi ń fà á jáde. Ara yín kò gbọ́dọ̀ wà níwájú ẹnu ìbọn nígbà tí ẹ bá ń fà á. Bí ẹ kò bá ní in, tàbí tó bá jẹ́ pé òkúta wẹ́wẹ́ àti irin ni wọ́n kì sí i, ẹ gbé e tọ àgbà alágbẹ̀dẹ ìbọn tó ní àṣẹ, kí ẹ sì sọ fún un kó tó gbà á lọ́wọ́ yín pé nǹkan wà nínú rẹ̀.

Ẹ má kì í sínú iná, ẹ má ti irin gbígbóná bọ̀ ọ́, ẹ má gbá ìdí rẹ̀. Ẹ má sì sọ pé omi ti kàn án, kí ẹ gbàgbé rẹ̀ sí igun ilé. Ẹ̀tù tó gbẹ padà lè jó padà.

Inú rẹ̀ ti dípẹtà. Ṣé ó ṣì ṣe é tún ṣe?

Ó dá lórí bó ṣe jinlẹ̀ tó. Bó bá jẹ́ ojú òde lásán ló pọ́n, búrọ́ọ̀ṣì onídẹ pẹ̀lú òróró á gbé e kúrò, kí ẹ wá fọ̀ ọ́ bí a ti ṣe sọ. Bí àkísà bá ń fà, tó ń ya bó ṣe ń kọjá níbì kan, irin ti jẹ níbẹ̀. Ìdọ̀tí á máa fara pamọ́ sínú kòtò yẹn, iná kékeré sì lè ṣẹ́kù síbẹ̀ tí yóò ran ẹ̀tù tí ẹ ń kì tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ ìdí ọ̀pá ló ti jẹ bẹ́ẹ̀, níbi tí agbára ẹ̀tù pọ̀ sí jù, kó di ohun ọ̀ṣọ́ ara ògiri.

Bàbá àgbà kú, a bá ṣakabùlà kan lórí àjà. Ṣé mo lè fọ̀ ọ́ kí n máa lò ó?

Ẹ gbà pé nǹkan wà nínú rẹ̀. Àwọn bàbá wa máa ń ki ìbọn sílẹ̀ de olè, ẹ̀tù dúdú kì í sì í darúgbó bí èèyàn: bó bá ti gbẹ, ó lè jó lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ má fa òòlù rẹ̀ wò, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan gbé e ya fọ́tò. Ẹni kan ṣoṣo ni kó gbé e sọ̀kalẹ̀, ẹnu rẹ̀ sókè, kó fi igi wọ̀n ọ́n bí a ti ṣe sọ. Bí igi kò bá dé ìdí, ẹ padà sí ìdáhùn lórí ẹ̀tù tó há.

Ìwé àṣẹ bàbá kò di tiyín. Ẹ sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé ẹ bá a nílé, kí ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹ ṣe kí ẹ tó da omi kankan sínú korobá.